Ẹní Tí Bubu Lijon Hun Ránṣẹ́ sí Èkó

Láti ìgbà tí mo ti padà dé, mi ò lè rìn láti ẹnu ọ̀nà agboolé wa dé ìdí ọkọ̀ ní CMS kí ẹnì kan má dá mi dúró. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: "Rìsí, kí lo mú bọ̀ fún wa?" Àwọn ọmọkùnrin tó ń jókòó sẹ́nu géètì tiẹ̀ ń pariwo pé, "Anti Rìsí, dọ́là ńkọ́? Yu no bring anytin?" Wọ́n rò pé Amẹ́ríkà ni mo lọ. Mo ti ṣàlàyé títí ẹnu ń ro mí. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kà á, kí ẹ sì fi mí sílẹ̀ kí n sinmi.

Ẹní kan ni mo mú bọ̀. Ewé ni wọ́n fi hun ún, ọwọ́ ni wọ́n sì fi hun ún. Ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù ní yàrá ìyá mi, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ jókòó lé e. Ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ hun ún kò bá mi wá. Ọ̀rọ̀ ẹni náà ni mo fẹ́ sọ, ó sì ń dùn mí dé egungun.

Ilẹ̀ tóóró

Ilẹ̀ Máṣáàlì ni mo lọ, àwọn erékùṣù wẹ́wẹ́ kan tó wà láàárín òkun Pàsífíìkì. Tíṣà ni mí, ẹ̀yin náà mọ̀. Wọ́n ń wá ẹni tó máa kọ́ àwọn ọmọ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, mo ní èmi nìyí. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni mí, mo rò pé mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní erékùṣù. Irọ́ ni mò ń pa fún ara mi. Nígbà tí ọkọ̀ já mi sílẹ̀ lórí yanrìn, omi ni mo rí níwájú. Mo yíjú padà, mo tún rí omi láàárín àwọn igi àgbọn. Kò sí òkè kankan níbẹ̀, kò tiẹ̀ sí ibi tí ilẹ̀ ti ga tó àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa.

"Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyí?" ni mo bi Misita Kaleb, ọ̀gá ilé-ìwé, tó wá pàdé mi.

Ó rẹ́rìn-ín. "Gbogbo rẹ̀ nìyí. Ó tóbi ju báyìí lọ nígbà tí mo wà lọ́mọdé."

Ilé Bubu Lijon ni wọ́n fi mí wọ̀ sí. Bubu ni wọ́n ń pe ìyá àgbà. Bí mo ṣe rí i, mo kúnlẹ̀ kí i bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Jìnnìjìnnì bo obìnrin náà. Ó rò pé òòyì ọkọ̀ ló gbé mi ṣubú, ó sáré gbá mi mú lápá, ó ń pariwo pé kí wọ́n bu omi wá. Gbogbo àdúgbò tú jáde wá wo àlejò tó dákú. Ìtìjú mú mi débi pé n kò mọ̀ bóyá kí n dìde ni o, tàbí kí n kúkú dákú lóòótọ́.

Ẹ sì mọ ohun tí wọ́n ń pè mí? Orúkọ tí wọ́n ń pe òyìnbó ni. Èmi! Dúdú mi yìí! Àwọn ọmọdé á máa tẹ̀lé mi lẹ́yìn, wọ́n á máa pè mí lóyìnbó, èmi náà á máa wò yíká bóyá òyìnbó kan wà lẹ́yìn mi. Lójú wọn, ẹnikẹ́ni tó bá ti òkè òkun wá, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Wọ́n pa ẹlẹ́dẹ̀ láti fi gbà mí lálejò. Ọkàn mi já. Misita Kaleb bá mi ṣàlàyé pé Mùsùlùmí ni mí, pé a kì í jẹ ẹ́. Bubu kò bínú. Ó kàn fi ojú àánú wò mí, bíi pé àìsàn kan ló ń ṣe mí, ó sì lọ sun ẹja wá. Láti ọjọ́ náà, ìkòkò tèmi dá wà lọ́tọ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kan ẹlẹ́dẹ̀. Tí mo bá sì ń kírun, òun ló máa ń lé àwọn ọmọdé kúrò níwájú mi. Kìrìsìtẹ́nì ni gbogbo wọn pátápátá, wọn kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sunday, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tó fi ẹ̀sìn yọ mí lẹ́nu rí.

Oúnjẹ wọn ni gbẹ̀rẹ̀fútù tí wọ́n sun lórí ẹyín iná, ìrẹsì tí wọ́n fi àgbọn sè, àti ẹja, ẹja, ẹja. Ata kò sí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún nítorí ata. Bí èèyàn bá dé ìlú adẹ́tẹ̀, a máa di ìkúùkù. Nígbà tó yá, mo di ẹni tó ń jẹ ẹja láìta.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ yìn

Nǹkan méjì ló rú mi lójú níbẹ̀. Èkíní ni pé wọn kì í sábà fi ẹnu sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n á kàn gbé irun ojú méjèèjì sókè. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ kíláàsì, mo bi ọmọ kan bóyá ó ti ṣe iṣẹ́ tí mo fún un, ó gbé irun ojú sí mi. Inú bí mi! Mo ní ọmọ yìí ń yájú sí mi, mo ní kó dìde dúró. Ọmọ ọlọ́mọ ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mi ò gbọ́.

Èkejì ni pé ẹ kò gbọdọ̀ yin nǹkan wọn. Níbí, tí mo bá pàdé yín lọ́nà, mo gbọ́dọ̀ kí yín kú ẹwà. "Áà, léèsì yìí mà dáa o!" Ẹ̀yin náà á ní, "Ẹ ṣeun, ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi." Ó parí. Lọ́hùn-ún, mo yin fìlà ewé tí Bubu dé. Ó ṣí i lórí, ó fi dé mi. Mo yin adìyẹ aládùúgbò. Kí n tó délé, wọ́n ti so ó mọ́ ẹsẹ̀ àga mi. Misita Kaleb ló là mí lóye pé ẹni tó bá yin nǹkan ti tọrọ rẹ̀ nìyẹn, ìtìjú ńlá sì ni fún olóhun tí kò bá fi sílẹ̀. Mo pa ẹnu mi mọ́ lórí fìlà, mo pa á mọ́ lórí adìyẹ. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé ó kan ọmọ èèyàn.

Mina ni ọmọ náà, ọmọ ọmọ Bubu. Ìyá rẹ̀ ti lọ sí Amẹ́ríkà, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń pa adìyẹ, ohùn rẹ̀ nìkan ló ń wá sílé. Bàbá rẹ̀, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́. Mina ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín iwájú ni, ó sì ti ń kàwé ju àwọn tó jù ú lọ. Ibi tí mo bá lọ ló ń lọ. Mo kọ́ ọ láti kí mi, ó wá ń kúnlẹ̀ lórí yanrìn láràárọ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀ mà," gbogbo ilé á máa rẹ́rìn-ín.

Èmi náà, bí a ṣe ń bá ọmọ ọlọ́mọ ṣeré nílé wa ni mo ṣe ń bá a ṣeré. Mo máa ń dì mọ́ ọn, mo máa ń ní, "Ọmọ dáadáa, màá jí ẹ gbé lọ sí Èkó ni o!" Ta ni kì í sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ọmọ mélòó lẹ ti fi ẹnu jí gbé?

Fóònù

Ilé-ìwé nìkan ni fóònù ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́ l'Ékòó, ọwọ́ alẹ́ ni lọ́dọ̀ wa, mo sì máa ń pe ìyá mi kí wọ́n tó lọ sí ọjà Jánkárà. Ẹni tí kò bá mọ ìyá mi, ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, oníṣòwò aṣọ kan ló mú wọn wá sí Ìsàlẹ̀ Èkó nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Aṣọ náà ni wọ́n ń tà títí di òní, àdìrẹ.

Lọ́jọ́ kan, Mina àti Bubu tẹ̀ lé mi lọ. Ọmọ náà ti orí bọ ojú fóònù, ó kí ìyá mi, "Ẹ káàárọ̀ mà." Ìyá mi pariwo.

"Rìsí! Ọmọ yìí mà wù mí o! Sọ fún ìyá àgbà rẹ̀ kí wọ́n fún mi. Mú un bọ̀, á máa gbé lọ́dọ̀ mi, màá rán an níléèwé, màá kọ́ ọ lọ́jà."

Ẹ̀rín pa mí. Mo yíjú sí Bubu, mo fi èdè wọn tí mo ti ń gbọ́ túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu ìyá mi, n kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Bubu wo ojú ìyá mi nínú fóònù, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé irun ojú rẹ̀ sókè.

"Kí ni wọ́n wí?" ìyá mi bi mí.

"Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni." Mo tún bú sẹ́rìn-ín. Tí mo bá rántí rẹ̀ dáadáa, èmi nìkan ni mò ń rẹ́rìn-ín.

Bí a ṣe ń padà lọ sílé, Bubu bi mí bóyá omi máa ń wọ ilé ní ìlú wa. Mo ní, "Rárá o, Bubu. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà níbẹ̀." Ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ má bínú sí mi. Ta ló máa ń tú àṣírí ilé rẹ̀ fún ará ìta? Lọ́jọ́ kejì, Bubu lọ já ewé, ó sá a sóòrùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun ẹní. Ó hun ún fún ìgbà pípẹ́, tinrín-tinrín, ó ń fi ewé tí wọ́n pa láró ṣe ọnà sí etí rẹ̀. Mo rò pé ẹ̀bùn ìdágbére mi ni, mo sì ń ṣọ́ra kí n má yìn ín.

Òkun

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilẹ̀ náà ṣe rí gan-an, torí àwọn kan ń rí fọ́tò mi, wọ́n ń sọ pé mo lọ jẹ ayé létí òkun. Òkun ń jẹ ilẹ̀ náà ni. Sàréè ọkọ Bubu wà létí omi nígbà tí mo dé; kí n tó kúrò níbẹ̀, òkun ti gbé e lọ. Bubu wá egungun títí lórí yanrìn, òun àti èmi, a kò rí nǹkan kan. Kànga wọn ti di oníyọ̀. Igi gbẹ̀rẹ̀fútù ẹ̀yìnkùlé gbẹ dúró.

Nígbà tí òkun bá kún, omi máa ń wọ kíláàsì wa. Àwọn ọmọ á gbé ẹsẹ̀ lé àga, wọ́n á máa bá ìwé wọn lọ, kò jọ wọ́n lójú mọ́. Èmi á dúró nínú omi, n ó máa kọ́ wọn ní orúkọ àwọn òkè ńláńlá ayé, àwọn ọmọ tí kò tíì fojú rí òkè rí. Ọjọ́ kan, ẹfun bọ́ lọ́wọ́ mi, mo kàn ń wò ó bó ṣe ń yọ́ sínú omi. Kí ni mò ń kọ́ wọn fún? Níbo ni wọ́n fẹ́ ti lò ó? Mo lọ sẹ́yìn kíláàsì, mo sunkún, mo padà wá, mo ní kí wọ́n ṣí ìwé.

Mo bi Bubu bóyá kò ní tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ó ní, "Àgbà bíi tèmi, níbo ni mo ń lọ? Èmi àti ilẹ̀ yìí la jọ ń lọ." Ó ń hun ẹní rẹ̀ lọ.

Ìdágbére

Àjò ò dùn kí onílé má relé. Iṣẹ́ mi parí, ọjọ́ ọkọ̀ pé.

Wọn kì í jẹ́ kí àlejò lọ bí olè. Gbogbo erékùṣù péjọ sétí omi, tọmọdé tàgbà, wọ́n tò sórí ìlà, wọ́n ń kọrin. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á fi ẹ̀gbà ọrùn tí wọ́n fi ìkarahun ṣe kọ́ mi lọ́rùn, á dì mọ́ mi, á kọjá. Ọrùn mi wúwo débi pé n kò lè yíjú mọ́. Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń dúpẹ́ lédè wọn àti lédè wa.

Bubu ló kẹ́yìn. Ó gbé ẹní náà léjìká, ó di Mina lọ́wọ́ mú. Wọ́n ti fi òróró àgbọn pa ọmọ náà lórí, wọ́n fi òdòdó sí i létí, ó wọ aṣọ tuntun. Bubu tẹ́ ẹní sórí yanrìn níwájú mi. Mina jókòó sórí rẹ̀, ó gbé agbọ̀n kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bubu wá mú ọwọ́ ọmọ náà, ó fi lé mi lọ́wọ́. Orin dáwọ́ dúró.

"Kí lèyí?" mo bi Misita Kaleb.

"Ọmọ yín ni. Ìyá yín tọrọ rẹ̀, Bubu sì gbà. Bubu ti sọ fún gbogbo wa."

"Yéè! Misita Kaleb, eré ni! Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, báyìí la ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nílé wa!"

Ojú rẹ̀ yí padà.

Ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọmọ tí kò ní pásípọ́ọ̀tù, tí kò ní físà, tí kò sí ìwé kankan tó so mí pọ̀ mọ́ ọn, báwo ni mo ṣe fẹ́ mú un gba pápákọ̀ òfurufú kan dé òmíràn? Wọ́n á ní mo jí ọmọ gbé, ọ̀rọ̀ tí mo ti ń fi ṣeré láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ṣàlàyé, mo ń kálòlò. Bubu gbọ́ mi títí mo fi dákẹ́.

"Mo mọ̀ pé ìwọ ń ṣeré," ó ní. "Gbogbo ọmọ lo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ kò ṣeré. Mo wo ojú rẹ̀. Ilẹ̀ yìí kò ní dúró de ọmọ yìí dàgbà, ìwọ náà sì mọ̀."

Misita Kaleb rọra sọ sí mi létí pé, "Ẹ sọ pé ẹ ó padà wá mú un. Ẹ ṣáà sọ ọ́. Ọkọ̀ ń lọ."

N kò sọ ọ́. Ẹnu mi ti ṣe èyí tó ṣe. Mo kúnlẹ̀ níwájú Bubu lójú gbogbo èèyàn, mo fi orí kan yanrìn. Lọ́tẹ̀ yìí, kò rò pé òòyì ló gbé mi. Ó ní kí Mina dìde, ó ká ẹní náà, ó gbé e sínú ọkọ̀ kékeré tó ń dúró dè mí.

"Gbé e fún ìyá rẹ," ó ní. "Tiwọn ni."

Mina kò sunkún. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ dání, ó bi mí bóyá ọkọ̀ tó ń bọ̀ ni òun máa wọ̀. Mo wọ ọkọ̀. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ orin, torí àṣà wọn ni pé wọn kì í dákẹ́ títí ọkọ̀ á fi wọnú òkun. Orin yẹn ni mo gbọ́ kẹ́yìn.

Ilé

Mo dé Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́sàn-án. Ìyá mi ń dúró dè mí lẹ́nu géètì. Wọn kò tíì kí mi káàbọ̀ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn mi.

"Ọmọ náà dà?"

Mo rò pé wọ́n ń bá mi ṣàwàdà ni. Wọ́n fà mí wọ yàrá. Wọ́n ti kó ẹrù aṣọ kúrò ní igun kan, wọ́n ti ra fóòmù kékeré síbẹ̀, wọ́n rán búbà àdìrẹ méjì kékeré, wọ́n fi kọ́ sára ògiri. Wọ́n ti sọ fún gbogbo agboolé pé ọmọ kan ń bọ̀.

"Ìyá, ẹ̀yin náà! Ṣé kì í ṣe pé ẹ kàn sọ ọ́ ni?"

"Kàn sọ kí ni?" Wọ́n jókòó. "Báwo lo rò pé mo ṣe dé Èkó? Àlájà oníṣòwò aṣọ rí mi lọ́jà n'Íjẹ̀bú, ó ní, 'Ọmọ yìí wù mí.' Ìyá mi ní, 'Ẹ máa mú un lọ.' Ó tán. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi di èèyàn, òun ni mo fi bí ẹ. O wá rò pé mo lè wo ojú àgbàlagbà bíi tèmi kí n máa fi ọmọ ọmọ rẹ̀ ṣeré?"

Mo jókòó sórí fóòmù kékeré náà.

"Èmi àti obìnrin yẹn ti parí ọ̀rọ̀, Rìsí. Ìwọ lo wà láàárín wa."

Wọn kò pariwo mọ́ mi. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Mo ti lọ bá ẹni tó mọ òfin. Ó ní gbígba ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn tọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu, pé ọdún ló ń gbà, pé ó ṣeé ṣe kó má bọ́ sí i rárá. Òkun kò ní dúró de lọ́yà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò rọ̀ mọ́jú. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí òjò bá rọ̀ báyẹn: omi gọ́tà kún, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ó wọ yàrá ìyá mi. Kí wọ́n tó gbé aṣọ ọjà wọn, kí wọ́n tó gbé nǹkan kan, ẹní yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sókè sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Inú omi yẹn la dúró sí tí fóònù fi dún. Misita Kaleb ni, òun ló bá Bubu àti Mina pè wá.

Ìyá mi gba fóònù lọ́wọ́ mi. Wọ́n yí i sókè kí Bubu lè rí ẹní rẹ̀ pé ó wà dáadáa. Bí wọ́n ṣe ń yí i padà, Bubu rí ilẹ̀ yàrá. Ó rí omi. Mo mọ̀ pé ó rí i, torí ojú rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Èmi ni mo sì sọ fún un pé omi kì í wọ ilé wa.

"Mina," ìyá mi pè é. "Ṣé o ṣì ń bọ̀?"

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà sún mọ́ fóònù, eyín iwájú rẹ̀ tuntun ti yọ tán. Kò la ẹnu. Ó wo ìyá mi, ó gbé irun ojú rẹ̀ méjèèjì sókè.

Ìyá mi dúró, wọ́n ń retí. "Àbí kò gbọ́ ni? Rìsí, kí ló dé tí ọmọ yìí kò dá mi lóhùn?"

"Ó ti dá yín lóhùn, Ìyá," ni mo wí.